Àmì Tí Kò Gbọdọ̀ Hàn

"Kí ni pupa tó yọ lọ́rùn bàbá yẹn?"

Inú fóònù tí Tove Halvorsen gbé ka orí tábìlì ilé ìdáná ni ohùn náà ti ń jáde. Trent Maddox ló ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó ń bójú tó àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ Hartvane. Tove, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, gbójú sókè wo Orrin, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, tó jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀ tó ń mu kọfí. Bàbá náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bẹ́líìtì ààbò wọn ni, sà. Òun ni wọ́n fi ń so ara wọn mọ́ igi kí wọ́n má bàa já bọ́."

"Mo mọ̀ pé bẹ́líìtì ni. Orúkọ ta ló wà lára ẹ̀? Ṣé tiwa ni?"

"Rárá, sà."

"Ẹn-hẹ́n! Fídíò yẹn dáa, Tove. Àwọn èèyàn sì ti fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n Hartvane ò ní máa bá ọ̀tá ẹ̀ polówó ọjà. Ẹ tún un yà."

Bó ṣe pa fóònù nìyẹn. Orrin gbé ife sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ẹ yìí, ṣé ó ti gun igi rí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń béèrè ni o. Ohùn ẹ̀ jọ ti ẹni tí bàtà ẹ̀ ò kan ẹrẹ̀ rí."

Ní Soldal, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Wisconsin, ọdẹ àgbọ̀nrín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Lọ́jọ́ tí àsìkò ìbọn bá ṣí, ìyẹn ìgbà tí òfin gba ọdẹ láàyè láti yìnbọn, àga ni olùkọ́ á máa bá sọ̀rọ̀ nílé ìwé. Ọrun àti ọfà ni Tove ń lò ní tirẹ̀. Orrin ló kọ́ ọ láti kékeré, nítorí bàbá rẹ̀ ti wá iṣẹ́ epo lọ sí North Dakota, kò sì padà mọ́. Nígbà tí Tove bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò òun àti bàbá àgbà sórí ayélujára, tí àwọn méjèèjì ń bára wọn jiyàn bí ẹgbẹ́ lórí ẹ̀gùn, àga orí igi tí ọdẹ fi ń dọdẹ, ẹ̀rín ń pa àwọn tó ń wò ó, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni Hartvane ti rí i. Kóòtù, ọrun, bàtà, àpò, kò sí ohun tí ọdẹ ń lò tí wọn kì í ṣe. Wọ́n kó ẹrù ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní kó fi ìgbà ìwọ́wé yìí dán ara rẹ̀ wò. Bó bá ya fídíò kan tó dára, tí akọ àgbọ̀nrín ńlá wà nínú rẹ̀, kí àsìkò ìbọn tó ṣí, orúkọ rẹ̀ á wọ àárín àwọn aṣojú wọn gan-an, àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà ń ràn lọ́wọ́ láti lọ sí yunifásítì.

Orí yunifásítì yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Janelle, ìyá Tove, ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn ìlú. Àárọ̀ ló ń lọ, alẹ́ ló ń dé, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sì í sinmi ríro. Tove ti búra pé òun ò ní ṣe irú iṣẹ́ yẹn láéláé.

Orrin ńkọ́? Kò sí ọmọ kan ní Soldal tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ láìkọ́kọ́ jókòó níwájú Orrin ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni olùkọ́ ààbò. Àwọn tó kọ́ ti bímọ, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ náà. Kì í fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. "Ẹsẹ̀ yín ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ kí bẹ́líìtì tó wà lára yín," á wí. "Igi ò mọ ọmọ olówó."

Ohun tí Tove kọ́kọ́ ṣe ni pé ó fi téèpù dúdú bo orúkọ tó wà lára bẹ́líìtì pupa Orrin, wọ́n sì tún fídíò yà. Trent dá a padà.

"Ó dà bí ẹni tó jí ọjà gbé," ó ní. "Tove, ìwọ náà wò ó."

"Ẹ fi bẹ́líìtì Hartvane ránṣẹ́ sí wọn nígbà náà, sà. Èmi nìkan lẹ fún."

"Ó ti wà lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa dé."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìbọn á ti máa dún, sà. Àsìkò yìí ni àwọn akọ ń lé abo kiri, tí ojú wọn ò ríran. Tó bá ti kọjá—"

"Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ yára nìyẹn." Trent rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́ o, mi ò sọ pé kí wọ́n má wọ̀ ọ́ o. Mo kàn ní kó má hàn ni."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu alágbára! Ẹni tó ní kí nǹkan má hàn, tí kò sì sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é, ó ti yọ ọwọ́ tirẹ̀ kúrò nínú àwo ná.

Lọ́jọ́ kejì, nídìí oúnjẹ ọ̀sán nílé ìwé, Shelby Rusk, akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tún wá gún un lójú egbò. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti gba Shelby ṣe aṣojú ní tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi.

"Aṣojú Hartvane! Ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i, àbí aṣọ àyálò la ṣì ń wọ̀ kiri?"

Gbogbo tábìlì pa ẹ̀rín. Tove bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun àti Orrin wọ igbó lọ sídìí igi óòkù ńlá tí àga irin wọn wà lára rẹ̀. Àga méjì ni, ọ̀kan fún ọdẹ, ọ̀kan fún ẹni tó ń ya fídíò, wọ́n sì ga ju òrùlé ilé lọ. Tove ti so kámẹ́rà kékeré kan mọ́ ẹ̀ka tó máa rí àwọn méjèèjì. Orrin ló ń gbé èyí ńlá. Bàbá náà ti wọ kóòtù Hartvane tuntun, ó sì ti di bẹ́líìtì pupa rẹ̀ lé e.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ lónìí nìkan."

"Kí n bọ́ kí ni? Ṣòkòtò?"

"Bẹ́líìtì yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú Orrin. "Rárá o."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni wọ́n ń já bọ́. N ò tíì rí ẹni tó já bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí n wọ̀ ọ́ sábẹ́ kóòtù ńkọ́?"

"A ti dán an wò. Okùn ẹ̀yìn yẹn ń gbé ọrùn aṣọ sókè, gbogbo pupa ẹ̀ á sì yọ síta, tòun torúkọ."

"Ó dáa. Fún mi ní tìẹ, kí ìwọ wọ tèmi. Orúkọ wọn ṣáà wà lára tìẹ."

"Èmi ni wọ́n fẹ́ rí i lára mi!"

Ohùn Tove ti lọ sókè. Inú ń bí i, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n. "Ẹ ò rí i pé ìgbà kan ṣoṣo nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ kí n jókòó sí Soldal yìí kí n máa nu ìdí arúgbó bíi Mọ́mì títí n ó fi kú? Ọmọ yín ló sá fi wá sílẹ̀, Bàbá. Ọmọ tiyín ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Orrin ń wo ewé ilẹ̀. Láti ọdún tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, bí ẹni tó ń san gbèsè ni bàbá yìí ṣe ń ṣe nínú ilé náà, Tove sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ibi tí òun fọwọ́ tẹ̀. Bàbá náà tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó ká a, ó fi í há igi kékeré kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Wọ́n jókòó títí ẹsẹ̀ wọn fi tutù. Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀ ni abo àgbọ̀nrín kan sáré jáde láti inú igbó, akọ ńlá sì ń tẹ̀ lé e, ìwo rẹ̀ gbòòrò. Tove dìde. Ó fa ọrun, ó mí, ó jọ̀wọ́ ọfà. Ó bà á! Akọ náà fò sókè, ó yí padà, ó sì sá gba abẹ́ igi wọn gan-an.

Orrin yí kámẹ́rà tẹ̀ lé e. Bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ló ṣe: ó tẹ̀ síta, ó sì fi gbogbo ara lé okùn bẹ́líìtì tó máa ń fà á dúró lẹ́yìn. Okùn kò sí lẹ́yìn.

Kò pariwo. Tove gbọ́ ẹ̀ka tó ṣẹ́, ó gbọ́ ìró tí ara ènìyàn ń ṣe bó bá balẹ̀, ìró yẹn kò sì tíì kúrò létí rẹ̀ títí di òní. Kò lè tètè tú bẹ́líìtì tirẹ̀, èyí tó di òun mú gírígírí. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, Orrin ti lajú, ojú rẹ̀ funfun bí iyẹ̀fun.

"Má gbé mi," ó ní. "N ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́. Pè wọ́n."

Tove pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Orrin di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, sọ pé mo gbàgbé ni. Ṣó o gbọ́? Mo gbàgbé."

Ní ilé ìwòsàn ńlá ní La Crosse, dókítà sọ fún wọn pé egungun ẹ̀yìn ti ṣẹ́, Orrin kò sì ní rìn mọ́. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó wá gba ẹjọ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Orrin ni nígbà kan. Ó bi í pé bẹ́líìtì dà. "Mo gbàgbé," Orrin dáhùn. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó dorí kodò. Tove jókòó sí igun yàrá, kò la ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ kó tó tàn ká Soldal. Nílé kọfí, wọ́n ń mi orí. "Orrin! Orrin tó ń gbá wa létí nítorí bẹ́líìtì!" "Ọjọ́ ogbó ti dé, ọpọlọ ti ń lọ." Ṣọ́ọ̀ṣì fi ẹlòmíràn sípò olùkọ́. Olùkọ́ tuntun náà a sì máa fi bàbá náà ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọdé. Tove gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Trent pè. Ó kẹ́dùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

"Mo ti wo fídíò tó o fi ránṣẹ́ yẹn. Bí o ṣe ta ọfà yẹn, ó ga! Àwọn ọ̀gá mi fẹ́ kí o sọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Sọ pé bàbá rẹ gbàgbé bẹ́líìtì ẹ̀, pé kí àwọn ọ̀dọ́ má gbàgbé tiwọn. Kí o wá fi tiwa hàn wọ́n. Á ran àwọn èèyàn lọ́wọ́, Tove. Bí a bá ti gbé e jáde báyìí, o ti wọlé nìyẹn."

Tove sọ fún Orrin, ó rò pé á bínú. Bàbá náà wo àjà. "Ṣe é," ó ní. "Ẹsẹ̀ ò ní padà. Jẹ́ kí nǹkan kan tibẹ̀ jáde."

Tove jókòó síwájú fóònù nínú yàrá rẹ̀, bẹ́líìtì Hartvane wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún irun ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa yà. "Bàbá mi àgbà gbàgbé—" ló wí, ọ̀rọ̀ sì há. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún há. Ìgbà náà ló wá rí ara rẹ̀: ó ti gba ẹsẹ̀ bàbá yìí, orúkọ rẹ̀ ló tún fẹ́ gbà báyìí.

"Bàbá mi ò gbàgbé," ó ní, omi ń dà lójú rẹ̀. "Èmi ni mo ní kí wọ́n bọ́ ọ, torí orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà lára ẹ̀. Wọ́n kọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ tó dùn wọ́n jù lọ láyé bá wọn wí títí wọ́n fi gbà. Orrin Halvorsen ò gbàgbé bẹ́líìtì rí." Ó gbé e jáde bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa yí i lọ́kàn padà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Hartvane ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó bọ́ bẹ́líìtì. Èébú rọ̀ bí òjò. "Apànìyàn" lẹlòmíràn pè é. Shelby kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, ńṣe ni kì í jókòó sí tábìlì tó bá wà. Janelle gbọ́, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú, kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Orrin ni Tove bẹ̀rù jù. Ó bá a lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé, fóònù wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ra ipò yẹn fún ọ," bàbá náà wí. Ohùn rẹ̀ le. "O wá dà á nù."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí tí n ò fi lè gbà á nìyẹn."

Orrin wo fóònù orí itan rẹ̀. "Ẹ̀ṣọ́ igbó yẹn pè mí láàárọ̀ yìí," ó wí. "Ó tọrọ àforíjì. Ó ní òun ò mọ bí òun ṣe gbà gbọ́ pé mo lè gbàgbé." Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Tove kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan tí kò mọ nǹkan lára mọ́, àwọn méjèèjì sì sunkún.

Òtítọ́ dá orúkọ Orrin padà, kò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Tove ń tọ́jú rẹ̀ báyìí, ó ń wẹ̀ fún un, ó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ara rẹ̀ má bàa bó, irú iṣẹ́ tó búra pé òun ò ní ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òkìkí dùn, kò sì sí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń pè yín dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Hartvane ò lè fi dúró de Tove. Ẹni tí kò lè fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan, má fi ẹni tó ti fún ọ ní gbogbo ayé rẹ̀ tọrẹ fún un.