Délé Wọlé

Aláwàdà ni wọ́n mọ̀ mí sí ní Kábbà. Mo ti purọ́ ikú ara mi rí, àwọn ẹgbẹ́ mi sunkún wá sílé, wọ́n bá mi nídìí iṣu sísun. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ì bá wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi, Délé, ló ní kí n ṣètò kọ̀ǹpútà Linux tó wà nílé, kí òun lè máa wọ inú rẹ̀ láti Lọ́kọ́ja tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ní Pólì nìyẹn. A ṣe kọ́kọ́rọ́ kan fún un, kì í ṣe onírin, ọ̀rọ̀ gígùn kan báyìí ni, a fi sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in. Mo wá fi ẹ̀fẹ̀ tèmi kún un: bó bá ti ṣí i, kọ̀ǹpútà ilé á kọ ọ́ gàdàgbà, "Délé wọlé." Bó bá kúrò, "Délé jáde."

Lẹ́yìn Àjíǹde, Délé wakọ̀ lọ sí Amuro. Kò dé ibẹ̀. Kò padà. A wá a títí, a ò rí òun, a ò rí ọkọ̀. Màmá ò jẹun dáadáa mọ́. Èmi ò pa kọ̀ǹpútà náà. Mo ní bó bá wà láàyè, yóò wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú. Àdúgbò pa rọ́rọ́. Ewúrẹ́ pàápàá ò ké. Ojú kọ̀ǹpútà tàn.

Délé wọlé.

Ariwo ti bọ́ lẹ́nu mi: "Délé ti wọlé!"

Mo gbọ́ tí àpótí Màmá ṣubú ní pálọ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn ìta. Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí mo ṣe. Kọ̀ǹpútà ni mo ní lọ́kàn. Ilé ni ìyá gbọ́.

Mo yẹ ibi tó ti wọlé wò. Kì í ṣe Lọ́kọ́ja. Kò gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Inú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi gan-an ló ti wá.

Mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Délé, níbo lo wà?"

Èsì yọ lójú kọ̀ǹpútà:

"Okun, ẹ̀gbọ́n."

Bí a ṣe ń kí ara wa ní Kábbà nìyẹn; kò sọ ibi tó wà.

Mo gbọ́ ohùn Màmá, jẹ́jẹ́.

"O mà ti rù, ọmọ mi. Jókòó."

"Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Lájídé, fi àwàdà rẹ sílẹ̀ lónìí. Ṣebí ìwọ lo ní ó ti wọlé? Jẹ́ kó jẹun."

Mo fẹ́ dìde. Ojú kọ̀ǹpútà yí padà.

Délé jáde.

N ò ké. N ò la ẹnu rárá.

Ní pálọ̀, ìyá mi bú sẹ́kún: "Délé! Níbo lo tún ń lọ? O ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ!"

Ilẹ̀kùn ìta pa dé.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé mo wà nínú yàrá, n ò jáde wá kí àbúrò mi.