Tòmátì Tó Kẹ̀yìn sí Oòrùn

Tòmátì wa kẹ̀yìn sí oòrùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí í tètè gba nǹkan gbọ́. Télọ̀ ni mí ní Muṣin. Bí aṣọ bá wọ́, ibi tí òwú ti fà á ni mo máa ń wá, n kì í pariwo àjẹ́.

Ilé bàbá wa là ń gbé, èmi, Tàjùdéèn àbúrò mi, àti Husnah ìyàwó rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá, kò sí ilẹ̀ tí adìyẹ lè tàn. Nígbà tí Husnah bí Aneesah, wọ́n di ibi ọmọ sínú ọ̀rá dúdú fún Tàjùdéèn nílé ìgbẹ̀bí, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e fún bàbá ọmọ pé kó lọ rì í mọ́lẹ̀. Àbúrò mi ò rílẹ̀ gbẹ́. Ó bá bu erùpẹ̀ kún ike ọ̀dà ńlá kan, ó rì í síbẹ̀, ó gbé e ti ògiri ẹ̀yìn.

Mo bú u. Mo ní, "Ṣé inú ike lo fẹ́ kí ọmọ ẹ fìdí múlẹ̀ sí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ̀yin náà! Erùpẹ̀ ṣáà ni erùpẹ̀."

Kò pẹ́ tí tòmátì fi hù nínú ike yẹn. A ò gbìn ín o. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àbí ta ló máa kọ tòmátì ọ̀fẹ́ l'Ékòó yìí? Àmọ́ igi rẹ̀ kọ̀, kò dúró gbọnran. Bí oòrùn ṣe ń yọ lápá iwájú ilé, ẹ̀yìn ló kọ sí i, ó dorí kọ ògiri tí òjìji bò. Mo yí ike náà padà. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti yí ọrùn padà síbi tó ń wò tẹ́lẹ̀. Mo fi òwú so ó mọ́ ọ̀pá, ó já òwú. Ẹ̀wà ni mo mọ̀ tó ń gun nǹkan. Tòmátì wa gun ògiri, ó yọrí sódì kejì. Gbòǹgbò funfun wẹ́wẹ́ yọ lára igi rẹ̀, wọ́n nà sínú afẹ́fẹ́ bí ìka.

Nígbà tó so, mo já èyí tó pọ́n jù, mo là á. Kóró inú rẹ̀ ti hù. Kò jẹrà o, ó tutù minimini, síbẹ̀ ìrù funfun ti yọ lára kóró kọ̀ọ̀kan, apá kan náà sì ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo dà á nù, mo tún fọ ọ̀bẹ.

N ò bá gbójú kúrò lára tòmátì yẹn bí kì í bá ṣe ti Aneesah. Ọmọ náà ń rù. Bí Husnah bá gbé e sọ́mú, á yí ojú kúrò, á máa sunkún bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbì kan. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn ò rí nǹkan kan. Àfi tí Husnah bá jókòó ti ike yẹn nìkan ló ń mu díẹ̀, ibi tí tòmátì dorí kọ lòun náà á sì máa wò.

"Àǹtí," Husnah sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ àṣírí lọ, "ọmọ yìí máa kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Pa ẹnu mọ́! Kò ní kú, lágbára Ọlọ́run."

Ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Mo wo ọmọ, mo wo tòmátì. Ọ̀rọ̀ náà ń yún mi nínú. Mo ní, "Mú hìjáàbù ẹ. Jẹ́ ká lọ wo ohun tí wọ́n ń wò."

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo gbé Aneesah lé ẹsẹ̀. Bí awakọ̀ bá yà síbi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, á figbe ta. Bó bá ṣẹ́rí padà, á dákẹ́.

Awakọ̀ ní, "Màmá, ibo gan-an lẹ̀ ń lọ? Àbí ọmọ ọwọ́ yìí ló ń júwe ọ̀nà ni?"

"Iwájú ni kó o máa wò, ọ̀gbẹ́ni."

Báyìí la ṣe dé Ìdí-Àràbà, ní àdúgbò kan tó dákẹ́ rọ́rọ́. Níwájú géètì kan, Aneesah dákẹ́ pátápátá. Mo gbójú sókè. Igi tòmátì kan ti gun ògiri ilé náà láti inú, ó yọrí síta, ó kọjú sí wa.

N ò tíì kan géètì tó fi ṣí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan dúró síbẹ̀, ó gbé ọmọ lé èjìká, ọmọ náà sì rù bíi tiwa. Ó wo Aneesah títí.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tòmátì wà nílé yín?"

Ó ní ká wọlé, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Àràmídé lorúkọ rẹ̀, Ayọ̀miídé lọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọkọ rẹ̀ ri ibi ọmọ sí, tòmátì tí wọn ò gbìn hù níbẹ̀, ọmọ ò mu ọmú. Mo béèrè ibi tó bímọ sí. Ilé ìgbẹ̀bí tiwa náà ni, ọjọ́ kan náà sì ni òun àti Husnah bímọ.

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́. "Alihamdulilahi! Ọ̀rá ni wọ́n ṣì gbé! Ibi tiwa ló wà lẹ́yìnkùlé yín, tiyín ló wà nínú ike wa. Ẹ jẹ́ ká wú u, kálukú gba tiẹ̀, ó parí."

Husnah náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀.

Àràmídé ò rẹ́rìn-ín. "Rárá, mà," ó ní. "Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nígbà tí wọ́n di ibi mi sọ́rá lójú mi, tí wọ́n fi lé ọkọ mi lọ́wọ́. Kò kúrò lójú mi rárá." Ó tún wo Aneesah. "Àwọn ọmọ ni wọ́n gbé lọ wẹ̀."

Ẹnì kan ń din ata nílé kejì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayọ̀miídé ló kọ́kọ́ mira. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Husnah. Husnah ò tọrọ ààyè, ó gbà á. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ kó tó tú bọ́tìnnì. Ọmọ náà gbá ọmú mú, gbogbo wa sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Iwájú orí Tàjùdéèn ni mo rí, tí í ṣe iwájú orí bàbá wa.

Aneesah náà ti nawọ́ sí Àràmídé, mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àràmídé ń sunkún, ó dì í mú gírígírí.

Husnah wo ọmọ tó wà lọ́mú rẹ̀. Ó wo Aneesah, èyí tó ti ń pọ̀n, tó ń bá a ṣàìsùn, tó ti fi gbogbo oríkì ilé wa kì. Ó gbójú sókè sí mi.

"Àǹtí," ó ní, "èwo ni mo máa gbé lọ sílé?"