Síìmù Tí Àmọ̀tán Yàn fún Ìyá Àgbà

"Ọmọ mi, èwo ló yẹ ẹni tí kì í pe èèyàn?" Ìyá àgbà na fóònù kékeré rẹ̀ sí obìnrin tó ń ta síìmù. "Kí wọ́n ṣáà ti lè pè mí. Èmi fúnra mi ò ju kí n pe àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì lọ. N ò lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé páálí kékeré méjì sílẹ̀, búlúù kan, pupa kan, pẹ̀lú ìwé pélébé tó tẹ̀ lé kálukú wọn, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

"Àmọ̀tán, bá mi kà á."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Àmọ̀tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nílé ìwé, nítorí kò sí àlọ́ ìṣirò tí kì í já. Aránṣọ ni ìyá àgbà, ṣùgbọ́n nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀, ọwọ́ ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́ láti bí ọdún kan. Ilé ìwòsàn ojú ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní tó bá kàn án, àwọn á pè é. Ìdí tó fi wá ra síìmù nìyẹn.

Àmọ̀tán ka ìwé méjèèjì. Búlúù kò ní ẹ̀bùn kankan, ṣùgbọ́n bí èèyàn kò tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni fún odidi ọdún kan, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní kú. Ti pupa ní dátà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá mú oníbàárà tuntun wá. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní kan wà: tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá tí a kò fi nọ́ńbà náà pe ẹnikẹ́ni, wọ́n á tì í pa.

Ohùn Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń dún sí i létí: "Àmọ̀tán tí ò ní dátà! Àwa ń figagbága lórí fóònù, ìwọ ń ka igi àjà." Gbogbo kíláàsì ló ti rẹ́rìn-ín.

"Pupa ni, Màmá. Ó ní ẹ̀bùn."

"Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀?"

"Kò sí."

Ó ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: òun fúnra rẹ̀ á máa fi fóònù ìyá àgbà pe ẹnì kan lóṣooṣù. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tí dátà dé sórí fóònù tirẹ̀, tí ó borí Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra, ìṣirò yẹn fò lọ lórí rẹ̀ bí ẹyẹ.

Ìyá àgbà gbé fóònù sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń fún un ní iná, ó ń nù ún. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé, "Wọn ò tíì pè o."

Nígbà tó di oṣù kejì, ó di èjìká Àmọ̀tán mú, wọ́n jọ lọ béèrè nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé ńlá rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la pè yín. Wọ́n ní nọ́ńbà yẹn ò sí mọ́. A ti mú ẹlòmíràn. Ó tún di oṣù mẹ́fà."

"Áà! Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni," ni ìyá àgbà wí. "Màá ti tẹ ohun tí ò yẹ kí n tẹ̀."

"Arúgbó àti fóònù!" ni ọkùnrin kan pariwo lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ẹ̀rín yẹn ni Àmọ̀tán kò lè gbà mọ́ra. Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ìbá wọlẹ̀.

"Màmá kọ́," ó wí. "Èmi ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé nọ́ńbà náà máa kú. Mo fẹ́ gba dátà ni."

Ẹ̀rín dá. Kò sẹ́ni tó wo ojú rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ìyá àgbà béèrè pé, "Lọ́jọ́ yẹn tí ò ń kà á, o rí i?"

"Mo rí i, Màmá."

"O rí i." Ó gbé ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ ògiri lọ. "Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà."

Wọ́n yà sọ́dọ̀ obìnrin onísíìmù. Àmọ̀tán ka ìwé ti búlúù jáde ketekete, títí kan lẹ́tà tó kéré jù. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì nà án sí obìnrin náà.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi tún un kà."

Ohun tí Àmọ̀tán kà gan-an ni obìnrin náà kà, kò fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Àmọ̀tán dúró, ó tẹ orí ba, ó ń gbọ́ òtítọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ẹni tó bá ní ká bá òun kàwé, ojú rẹ̀ ló gbé lé wa lọ́wọ́, kò sì sí ẹ̀bùn kankan láyé tó tó fi pààrọ̀ rẹ̀.