Àpò Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Ilé Ìkàwé Jáde

Ìyá Aránṣọ kò fọkàn tán olùtọ́jú ilé ìkàwé rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yan ìyá náà sínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò ti kúrò lára ọkùnrin ọ̀hún. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ tó báyẹn, kí ló ń fi pa mọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i tó ń wọ́ àpò jáde lẹ́yìnkùlé. Ìyá sá pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi, tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ìfura ṣáà loògùn àgbà.

Bí ọkùnrin náà ṣe padà wọlé, ìyá tú àpò. Ìwé ni! Orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló wà lára wọn. Ọkọ rẹ̀ ló fi wọ́n ta ilé ìkàwé lọ́rẹ.

"Ọwọ́ pálábá ẹ ti ségi lónìí!"

Ó wọ́ àpò náà lọ bá alága ìgbìmọ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, nínú ọ́fíìsì. "Ẹ lé e lọ, mà. Ó ń ta ìwé ọkọ mi."

Olùtọ́jú sáré wọlé. "Mi ò tà á o, ìyá. Ikán ló jẹ ẹ́. Mo fẹ́ dáná sun ún ni, kó má baà ran àwọn yòókù."

"Ta ló ní kó o jó o?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Kò sì sẹ́ni tó ní kí n má jó o."

Ìyá Aránṣọ pòṣé. Ó ṣí ìwé kan, ni erùpẹ̀ ikán bá dà sí i lẹ́sẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ló ṣeé kà. Omijé lé sí i lójú.

Alága rọra bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń gé aṣọ oníbàárà láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n?"

"Ká má rí i!"

"Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ká ṣe nìyẹn. Tá a bá lé e, òfin wo ló rú? Iṣẹ́ wa kọ́ ni ká máa lúgọ sẹ́yìn táǹkì."

Ìyá yíjú. Fèrèsé ọ́fíìsì ṣáà kọjú sí táǹkì gan-an; alága ti rí i níbi tó lúgọ sí.

"Iṣẹ́ wa ni ká kọ ìlànà sílẹ̀: ìgbà tá a ó máa yẹ pẹpẹ ìwé wò, irú ìwé tá a ó kó kúrò, ẹni tó máa fọwọ́ sí i. A ò kọ ọ́ rí. Àwa la jẹ̀bi, kì í ṣe òun."

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Ìyá Aránṣọ ló dábàá pé kí wọ́n kọ́kọ́ máa pe ìdílé ẹni tó fi ìwé tọrẹ kí wọ́n tó kó o dànù. Wọ́n lẹ ìlànà náà mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn òǹkàwé, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Òun náà ni olùtọ́jú kọ́kọ́ lọ pè. Ìyá wá inú àpò náà títí, ẹyọ ìwé kan ṣoṣo ló rí tó ṣì pé. Ó gbá ìwé náà mọ́ra, ó sì kọjú sí olùtọ́jú. "Ọmọ mi, má bínú sí mi. Lọ jó èyí tó kù."

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé, ìfura kò lè rọ́pò ìlànà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i kà, kẹ́ ẹ sì máa tún un yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Ká ní wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ ni, ìwé tí Ìyá Aránṣọ gbé lọ sílé lọ́jọ́ yẹn ì bá ju ẹyọ kan lọ.