Ẹ̀ṣọ́ Kálífà

Ọkùnrin náà ṣe àlùwàlá tán, ṣùgbọ́n omi ò rin ilẹ̀ tó dúró lé. Mo rí i, mo sì mójú kúrò. Láti ìgbà tí ọkọ mi, Fàsásì, ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti kó lọ sí Èkó, àlejò kì í sábà yà sílé wa ní Ṣàgámù. Mi ò lè lé ẹni tó bá yà padà.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà iyàrá tí ọkọ mi ń kó obì sí nígbà ayé rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ń rùn bí irun ẹṣin. Mo bu omi fún un. Kò mu ún. Mo bi í níbi tó ti ń bọ̀.

“Bagidádì ni, Àlájà.” Yorùbá rẹ̀ já geere bíi ti ọmọ àdúgbò Ọ̀fin níbí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kálífà wa, olórí gbogbo Mùsùlùmí, bá àwọn ẹ́míà Tọ́kì du agbára. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n fi í sínú àgọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ẹ́míà kan ní kí n kúrò níbẹ̀. Mo kúrò. Àwọn kan wọlé, wọ́n gún un pa.”

Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ogun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò ni.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́hun á kẹ́ ẹ.”

“Mi ò tíì sùn láti ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó síbí, kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.”

“Ẹ wọlé, ẹ sùn. Kò síbi tí mò ń lọ.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbé àpótí, mo jókòó. Inú mi tilẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ èémí ẹlòmíràn nínú ilé yẹn.

Kò pẹ́ ni ọmọ mi Raqeebah pè mí lórí fóònù. Ìtàn Ìsìláàmù ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ékòó. Mo ròyìn àlejò náà fún un.

“Màámi, kò sí kálífà ní Bagidádì mọ́. Èyí tí wọ́n pa nínú àgọ́ yẹn, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún.” Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ máa lọ sí títì, ẹ má wẹ̀yìn.”

Mo kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Iyàrá ṣófo. Kò ní fèrèsé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú eruku ilẹ̀. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo yíjú láti máa lọ.

Nígbà náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀ láti inú. Kì í ṣe ti àlejò mi. Ohùn àgbà ọkùnrin ni, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀.

“Ẹ̀ṣọ́, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?”

Títì ò jìnnà. Mò ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Fàsásì ti lọ, kò tíì sí ẹni tó bi mí bóyá mo wà.

Mo padà jókòó.

“Mo wà níbí,” ni mo wí.