Ojú Ìwé Tó Kẹ́yìn

"Rédíò, gbé aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ wá kí n lọ̀ ọ́! Rédíò, bomi sí fíláàsì ẹ̀gbọ́n ẹ! Àbí ọ̀fun gbígbẹ lo fẹ́ kí òǹkọ̀wé fi sọ̀rọ̀ ni?"

Láti àárọ̀ ni ìyá wọn ti ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń pè ní Rédíò gbé aṣọ, ó bomi, ṣùgbọ́n ó ń yínmú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n! Ṣé orí igi ni wọ́n ti já èmi ni?"

Ẹ gbọ́, ohùn ọmọ yìí ló sọ ọ́ ní Rédíò. Tó bá ń kàwé sókè ní kíláàsì, àwọn tó ń tòògbé á lajú. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí rédíò gidi. Àmọ́ ta ló ráyè tiẹ̀? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ta oògùn lọ́sàn-án, tó ń kọ̀wé nírọ̀lẹ́, ti gbé ìwé jáde. Ìtàn àwọn ẹ̀dá kan ni, tí wọ́n ń gbé inú ayé mìíràn lẹ́bàá ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Wọn ò lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń kí ìyá wọn kú oríire.

"Àwọn tí ò lẹ́nu ti di olókìkí," Rédíò wí sínú. "Èmi tí mo lẹ́nu, omi ni mò ń bù."

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n to ìwé tuntun náà sórí tábìlì ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé. Ẹ̀gbọ́n ní kí Rédíò dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó máa júwe ìjókòó fáwọn èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Má lọ jìnnà o. Mo níṣẹ́ kan fún ẹ tó bá yá."

"Iṣẹ́ mìíràn kẹ̀?" Inú túbọ̀ bí Rédíò. "Ó ku kí n gbálẹ̀."

Ó ti yọ́ ìwé náà kà tán nílé, kò kàn fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé ó dùn mọ́ òun. Ibi tó dúró sí ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Eyín-síta, ti bá a.

"Ṣé ìwé ẹ̀gbọ́n ẹ dùn ni, kí n lọ rà á?"

Ìlara ru sókè nínú Rédíò. "Dídùn wo? Jẹ́ n kúkú sọ ìparí ẹ̀ fún ẹ. Ẹ̀gbọ́n inú ìtàn, tó ń tanná sí ayé wa, kú kí èsì tó dé. Àbúrò ẹ̀ ló gba èsì. Ó tán!"

Eyín-síta bú sẹ́rìn-ín, ó lọ sọ fún ẹni tó jókòó tì í. Ara tu Rédíò. Bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé ló ń rọ́ ọ sí wọn létí. Kó tó di pé ẹ̀gbọ́n dìde sọ̀rọ̀, ìparí ìtàn ti kárí gbọ̀ngàn.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o gbà lóòótọ́ pé àwọn ẹ̀dá kan wà lókè yẹn?"

"Bàbá," ẹ̀gbọ́n fèsì, "òfuurufú fẹ̀ púpọ̀. Tó bá jẹ́ àwa nìkan la wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ilé ńlá ni wọ́n kọ́ fún èèrà kan ṣoṣo."

"Wọn ò ní wá gba ayé mọ́ wa lọ́wọ́?"

"Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bí ẹyẹ ò bá jà sí i, kí ni ìràwọ̀ máa jà sí?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ó ń ta Rédíò lára bí ata.

Ẹ̀gbọ́n wá ṣí ìwé. "Mi ò ní ka ojú ìwé tó kẹ́yìn fúnra mi. Àbúrò inú ìtàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn àbúrò tèmi ni mo sì ń gbọ́ létí nígbà tí mò ń kọ ọ́. Mo tún bẹ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá láti iléeṣẹ́ rédíò, torí wọ́n ń wá ọmọ tí á máa kàwé fáwọn èwe lórí afẹ́fẹ́. Rédíò, máa bọ̀!"

Yéè! Rédíò wọ́ ẹsẹ̀ lọ síwájú. Ó ka ojú ìwé yẹn o, ṣùgbọ́n ìlara ò jẹ́ kó dá ara ẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Obìnrin kan tó wọ awò ojú, tó jókòó níwájú, ti tẹ́tí sílẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Rédíò gba ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà: "Ẹ̀gbọ́n mi ló tanná sí yín..."

"Ẹ̀gbọ́n ti kú!" Eyín-síta ké láti ẹ̀yìn. "Àbúrò ló gba èsì! A ti mọ̀ ọ́n!"

Ẹ̀rín ta. Ẹlòmíì ní, "Ṣebí òun náà ló sọ ọ́ fún wa lẹ́nu ọ̀nà?" Àwọn kan ti dìde, wọ́n ń lọ. Rédíò gbójú sókè, ojú òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Rédíò pa ìwé dé, kò lè kà á parí.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sún mọ́ ọn. "Ohùn ẹ dáa, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ títí àsìkò ẹ̀ á fi tó là ń wá." Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ, àwọn èèyàn tó kù sì tẹ̀ lé e jáde.

Ìyá wọn fẹ́ lanu bú Rédíò, ẹ̀gbọ́n dì í lọ́wọ́ mú. Rédíò bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Mò ń jowú yín ni. Mo rò pé kò sẹ́ni tó rí tèmi rò."

"Mo bínú," ẹ̀gbọ́n ní. "Má rò pé mi ò bínú. Ó dùn mí wọra." Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti kọ ojú ìwé yẹn ni mo ti ń retí àtigbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Kà á."

Rédíò kà á tomijé-tomijé fún ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àga òfìfo rẹpẹtẹ. Kò kàwé dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀, kò sì sí ará ìta kankan tó gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àtùpà tí Rédíò fẹ́ fẹ́ pa mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, òun gan-an ni wọ́n tàn án dè.