Ìdánwò Bíréèkì Ọkọ̀ Pupa

Nígbà tí Àǹtí Aránṣọ gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ pupa náà, ó gbóná. Kì í ṣe gbígbóná irin tí oòrùn pa, nítorí abẹ́ òrùlé ni ọkọ̀ ọ̀hún wà, eruku sì ti bo gíláàsì rẹ̀. Ó gbóná bí ọrùn ọmọ tó ń sùn. Àǹtí yára fa ọwọ́ padà. Ó bi bàbá arúgbó tó ń ta ọkọ̀ náà bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé ni. Bàbá ní rárá, pé láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú, kò sẹ́ni tó ṣíná fún un mọ́.

Ọkọ̀ asáré ni, ìjókòó méjì péré, ó ba mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ ẹyẹ. Láti ìgbà ọmọge ni Àǹtí ti ń fi ojú ìfẹ́ wo irú rẹ̀ lójú títì. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun báyìí, ó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun ò bá ra eléyìí, ọkọ̀ tó kàn tí òun yóò wọ̀ ni èyí tó ń gbé pósí.

Àbúrò rẹ̀, Dúdú, ló mú wá láti bá a yẹ bíréèkì wò. Mẹkáníìkì ni Dúdú, òun nìkan sì ni ìyekan tó kù fún un. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí òbí wọn kú. Ẹ̀yìn Àǹtí ló dàgbà sí. Nítorí rẹ̀ ni Àǹtí fi kúrò nílé ìwé. Nítorí rẹ̀ náà ni ọkùnrin kan tó fẹ́ gbé Àǹtí níyàwó fi ní kí ó mú ọ̀kan, òun tàbí ọmọ náà. Ó mú ọmọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìráhùn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Dúdú fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Ó fi àtàǹpàkò wọn páàdì bíréèkì, ó nípọn dáadáa. Ó fi ìka tọ irin róbótó tí páàdì máa ń dì mú, ó ń dán bí dígí. Kò sí ibi tí òróró ti ń jò. Ó ní kí Àǹtí tẹ bíréèkì, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀.

Síbẹ̀, ara Dúdú ò balẹ̀. Ó fa Àǹtí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rọra sọ ọ́ sí i létí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ yìí ti rìn. Ẹ wo bí ìjókòó rẹ̀ ṣe gbó. Àmọ́ ó dà bíi pé wọn ò tẹ bíréèkì rẹ̀ rí.”

Àǹtí ní bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni. Dúdú mi orí, ó ní àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é ti dípẹtà pọ̀, kò sẹ́ni tó tú u rí kí òun tó tú u. Lọ́kàn Àǹtí, ọmọ yìí ò kàn fẹ́ kí òun ní ohunkóhun tí kì í ṣe òun Dúdú ni.

Òpópónà kan wà lẹ́yìn ilé náà tí ògiri gíga dí ní ìparí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán ọkọ̀ wò. Àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ jọ wà nínú rẹ̀. Àǹtí sáré, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró gbọnin. Wọ́n tún un ṣe, bákan náà ni. Dúdú wá bọ́ sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ dúró níwájú lọ́hùn-ún, kí òun wò ó bóyá ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń dúró. Ó rìn lọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ó sì juwọ́ pé ó yá.

Bí Àǹtí ṣe fẹ́ tẹná ni ilẹ̀kùn kejì ṣí. Bàbá arúgbó náà wọlé, ó jókòó síbi tí Dúdú dìde, ó sì pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò wo Àǹtí. Iwájú ló ń wò.

“Àbúrò yín nìyẹn?”

Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni, òun lòun tọ́ ọ.

“Ó ti pẹ́ tí ẹ ti pọ̀n ọ́n.” Ohùn náà rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn. “Kò tíì rẹ̀ yín?”

Àǹtí ní kò rẹ òun. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ gbéra. Oòrùn ọ̀sán tàn sójú títì, Àǹtí sì ń rí Dúdú kedere, tó bẹ̀rẹ̀, tó gbọ́wọ́ lé orúnkún, tó tẹjú mọ́ táyà iwájú. Ó tẹ bíréèkì. Ó mọ̀ pé òun tẹ̀ ẹ́. Ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tún sáré sí i, Dúdú sì gbójú sókè.

Nígbà tí ariwo dákẹ́, Àǹtí wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìjókòó náà ṣófo. Bàbá arúgbó ń ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ bọ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn, kò sì yára. Ó wo ọkọ̀, ó wo ògiri, ó wo ohun tó wà láàárín wọn.

“Èmi náà rò pé mo fẹ́ràn ìyàwó mi ni, lọ́jọ́ tó dúró síwájú ọkọ̀ yìí,” ó wí. Ó padà sínú ilé lọ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Dúdú kò kú. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lókè orúnkún. Mẹkáníìkì mìíràn yẹ bíréèkì náà wò, kò rí àbùkù kankan. Àǹtí jókòó ti ibùsùn àbúrò rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣàlàyé bí bàbá yẹn ṣe wọlé tọ òun wá, ohun tó bi òun, àti bó ṣe jẹ́ pé òògùn ló fi mú òun. Dúdú gbọ́ ọ dópin.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí ẹ sún mọ́ mi, mo rí ẹnu yín. Ẹ ń dá sọ̀rọ̀. Mo rí i nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín.”

Kò tún sọ ọ́ mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀, nítorí náà ilé Àǹtí ló padà sí, lórí àga onítáyà. Àǹtí ń wẹ̀ ẹ́, ó ń bọ́ ọ, ó ń gbé e sórí ibùsùn. Àwọn aládùúgbò ń yìn ín, wọ́n ní irú ẹ̀gbọ́n báyìí ṣọ̀wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń tì í lọ gba atẹ́gùn, wọ́n sì dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dojú kọ títì ńlá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Dúdú fi ọwọ́ méjèèjì di táyà àga rẹ̀ mú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.”

“Mo ti dúró,” ni Àǹtí wí, kò sì purọ́, bẹ́ẹ̀ ló rò ó.

Ó wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn.